Ọwọ́ Tó Ń Di Ẹrù ní Naif

Ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ ni ìpè wọlé láti Ìbàdàn pé Bàbá àgbà ti lọ, pé a ti sin wọ́n kí oòrùn tó kan àtàrí, pé kí n má wulẹ̀ sáré. Mo ní ó dáa. Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo sì jókòó síbi tí mo wà. Ìyàwó mi, tí òun náà ti lọ ṣáájú, máa ń sọ pé bí ilé wa bá gbiná, gbólóhùn méjì péré ni màá fi sọ fún aládùúgbò. Kò parọ́ mọ́ mi. Ṣùgbọ́n gbólóhùn méjì ò lè gba ẹni tó lọ yìí. Arúgbó tó ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́ nìkan ni àwọn ọmọ mi mọ̀. Wọn ò mọ Bàbá nígbà tí ọwọ́ wọn ṣì ń ṣiṣẹ́. Ìdí tí mo fi ń kọ èyí nìyẹn.

Mi ò ní kọ ìtàn ìgbésí ayé wọn. Àwọn tó mọ ọjọ́ ìbí wọn ti ṣáájú wọn lọ. Wọ́n ju ẹni àádọ́rùn-ún ọdún lọ, ibẹ̀ ni mímọ̀ wa mọ. Èyí tí mo mọ̀ dájú ni ọdún mẹ́fà tí a jọ gbé yàrá kan ní Naif, ní Deira, nílùú Dubai, ní àwọn ọdún tó kẹ́yìn ọ̀rúndún tó kọjá. Bàbá ń di ẹrù fún àwọn oníṣòwò wa nígbà náà.

Àwọn oníṣòwò yẹn, Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì, ń ti Èkó wá. Wọ́n á ra aṣọ, bàtà, aago, kọ́tìnì àti fóònù káàkiri ṣọ́ọ̀bù Naif, wọ́n á sì kó gbogbo ẹ̀ wá sí yàrá ìsàlẹ̀ kan lẹ́yìn ọjà, níbi tí Bàbá ti ń ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ Bàbá ni kí òkè ọjà tó ga tó èèyàn di ìdì kan ṣoṣo tó le bí òkúta. Wọ́n á tò ó, wọ́n á fi okùn fà á, wọ́n á fi abẹ́rẹ́ ńlá rán ẹnu àpò, wọ́n á wá fi ọ̀dà dúdú kọ àmì ẹni tó ni ín sí i lára, kí ọkọ̀ kágò tó dé. Nígbà èwe wọn, ilé ìkó-kòkó-sí ní Ìbàdàn ni wọ́n ti kọ́ iṣẹ́ yìí. Wọ́n gbé e lọ sí Mẹ́kà, wọ́n sì gbé e dé Dubai.

Bí ẹ bá ní kí n sọ bí Bàbá ṣe rí, ìdì ẹrù ni màá fi bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá fa okùn tán, wọn kì í rán ẹnu àpò lójú ẹsẹ̀. Wọ́n á gun orí ìdì náà, wọ́n á jókòó, wọ́n á ní kí n lọ gba tíì wá lọ́wọ́ ará Íńdíà tó wà ní kọ̀rọ̀. Wọ́n á mu ún díẹ̀díẹ̀. Lábẹ́ wọn, aṣọ á máa rọra wọlé sára aṣọ. Bí tíì bá tán, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á tún okùn fà, á sì fún wọn ní àyè ìka mẹ́ta tàbí mẹ́rin sí i. Àwọn oníṣòwò tí ọkọ̀ òfurufú wọn ń lọ ní alẹ́ ọjọ́ náà a máa yí wọn ká, wọ́n á máa ní, Bàbá, yalla, ẹ jọ̀ọ́. Bàbá ò ní gbọ́ra. Ẹnìkan bínú lọ́jọ́ kan, ó ní tíì ni Bàbá ń di àbí ẹrù. Bàbá wò ó láti òkè ìdì.

“Ẹrù tí ò tíì sùn, wọn kì í rán ẹnu ẹ̀.”

Wọn ò gbọ́ èdè òyìnbó, wọn ò sì gbọ́ Lárúbáwá ju ti inú ìrun lọ. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi bá gbogbo Naif gbé: yalla fún ẹni tó ń pẹ́, khalas fún iṣẹ́ tó parí, shukran fún ẹni tó bá ṣe é dáadáa. Ọkùnrin ará Pàkísítáànì kan ló ń fi ọmọlanke kó ìdì jáde fún wọn. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí náà ni òun àti Bàbá fi ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, mi ò sì rí ọjọ́ tí wọ́n ṣi ara wọn gbọ́. Mo ní kí n kọ́ Bàbá ní díẹ̀ sí i. Wọ́n ní kí n fi sílẹ̀.

“Mẹ́ta tó gbé ẹrù. Ẹni tó fẹ́ jà ló ń wá ìkẹrin.”

Ìwé tèmi pẹ́. Bàbá mi kú nígbà tí mo wà ní kékeré, ilé ìwé sì dúró síbẹ̀. Mo ti di géńdé kí n tó jókòó ti ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, láàárín àwọn àgbàlagbà tó ń kọ́ ọ nírọ̀lẹ́. Nígbà tí Bàbá àgbà pè mí wá sí Dubai láti wá ran wọ́n lọ́wọ́, mo rò pé ìwé ti parí nìyẹn. Àwọn gan-an ni wọ́n gbọ́ pé kọ́lẹ́ẹ̀jì kan wà ní Sharjah tó ń kọ́ni níṣẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù. Wọ́n ní kí n lọ. Mo ní mo ti pé ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, pé àwọn ọmọ tó wà níbẹ̀ á máa pè mí ní bọ̀ọ̀dá. Wọ́n ní kò burú, kí n máa jẹ́ wọn. Mo ní olùkọ́ míì lè kéré sí mi. Wọ́n ní kí n máa dọ̀bálẹ̀ fún un nínú ọkàn mi, kó má baà tì í lójú.

“Ìwé ò bi ẹnikẹ́ni léèrè ibi tó ti ń bọ̀.”

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní àárọ̀ kùtùkùtù, màá wọ takisí tí èèyàn márùn-ún ń jọ wọ̀ láti Deira dé Sharjah, màá tún wọ òmíràn lọ sí apá Muwaileh. Iyanrìn pọ̀ níbẹ̀ ju ilé lọ nígbà náà. Ilé ẹ̀kọ́ yẹn ló dúró fún mi ní físà. Bí wọ́n bá yọ orúkọ mi, físà á bá a lọ, èmi náà á sì kúrò nílùú. Mo mọ̀ ọ́n láti ọjọ́ àkọ́kọ́.

Ìjà Bàbá kì í pọ̀, ṣùgbọ́n bó bá ṣẹlẹ̀, ó máa ń pẹ́. Èyí tó pẹ́ jù ni ti Ìyá Bíọ́dún. Oníbàtà ni Ìyá Bíọ́dún, bàtà ọmọdé, ìjọ Ọlọ́run ló ń lọ lÉkòó. Ọdún díẹ̀ ló fi jù mí lọ. Ó gbọ́ òyìnbó dáadáa, ẹnu rẹ̀ sì mú. Òun nìkan ló lè pe Bàbá ní “Alhaji mi” kí Bàbá rẹ́rìn-ín. Bí Bàbá bá dákẹ́ jù, á ní, “Alhaji, ta ló rán ẹnu àpò yín?”

Ìrìnàjò kan wà tó délé, tó tú ìdì rẹ̀, tó bá kọ́tìnì nínú ẹ̀. Bàtà rẹ̀ ti bá ọkùnrin kan lọ sí Àbá, ẹni yẹn sì ti tà nínú ẹ̀ kó tó mọ̀ pé kì í ṣe tòun. Nígbà tó padà wá sí Naif, ó kọ́kọ́ kúnlẹ̀ kí Bàbá kó tó sọ ọ́. Bàbá ní àwọn oníkágò ló ṣi ẹrù gbé. Ó ní àwọn oníkágò kì í kọ àmì. Bàbá ní kó máa gbé ẹrù rẹ̀ lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ àmì tó dáa. Odindi ìrìnàjò méjì lẹ́yìn náà, bí Ìyá Bíọ́dún bá kí wọn, ògiri ni wọ́n ń kọjú sí dá a lóhùn. Ó gbé ẹrù rẹ̀ fún ẹlòmíràn dì, ó tú ní èbúté, ó padà wá. Bàbá gbà á, wọn ò sì fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ohun kan wà tó gbọ́dọ̀ gbọ́.

“Ọwọ́ mi kì í ṣìnà. Láti ilé kòkó ni mo ti ń kọ àmì.”

Lẹ́yìn èyí ni mo rí i. Bàbá ń da tíì láti inú ife kan sí òmíràn kó lè tutù, ó sì ń dà sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọn ò mọ̀. Mo wo ẹyinjú wọn, nǹkan funfun bíi kùrukùru ti ń bo àárín ẹ̀. Nígbà náà ni mo lọ wo àwọn ìdì tí wọ́n kọ àmì sí ní ìrọ̀lẹ́ àná.

Bàbá ò mọ̀wé kà, ṣùgbọ́n wọ́n ti há àmì oníṣòwò bí ogójì sórí. Òrùka ni ti ẹnìkan, igun mẹ́ta ni ti ẹlòmíràn, ìràwọ̀ ni ti ẹ̀kẹta, àgbélébùú ni ti Ìyá Bíọ́dún. Ní ọjọ́ yẹn, mo bá òrùka lára ẹrù ẹni tó ni igun mẹ́ta. Bàbá ti lọ mu tíì lọ́dọ̀ ará Íńdíà. Mo mú búrọ́ọ̀ṣì, mo fi ọ̀dà bo èyí tí kò tọ́, mo sì kọ èyí tó tọ́. Ọkọ̀ kágò dé, ó kó o lọ. Mi ò sọ nǹkan kan. Báwo ni mo ṣe máa sọ ọ́? Gbogbo ohun tí wọ́n ní nílùú náà ni pé ọwọ́ wọn kì í ṣìnà.

Ọkọ̀ kágò kì í dé kí kíláàsì mi tó bẹ̀rẹ̀, àárọ̀ tí a fi ń dúró dè é nìkan sì ni Bàbá máa ń kúrò nídìí ẹrù lọ mu tíì. Nítorí náà, ọjọ́ tí kágò bá ń bọ̀, mi ò lọ sí Sharjah. Ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ ni mo fi bẹ̀rẹ̀, nígbà tó yá ó di mẹ́ta. Lẹ́tà wá láti kọ́lẹ́ẹ̀jì lẹ́ẹ̀mejì. Mo ká wọn sábẹ́ aṣọ mi. Fún Bàbá, mo ní wọ́n fún wa ní ìsinmi. Wọ́n gbà á fún ìgbà bíi mélòó kan. Lọ́jọ́ kan, wọ́n kàn ń lọ okùn, wọn ò gbójú sókè.

“Ilé ìwé yín yìí fẹ́ràn ìsinmi o.”

Obìnrin kan wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì náà, Miss Sina là ń pè é. Ọ́fíìsì rẹ̀ kékeré wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé oúnjẹ, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti wá akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yọ̀. Ọmọ Sàmóà ni, erékùṣù kan nínú òkun Pàsífíìkì, ṣùgbọ́n Níú Sílándì ló ti dàgbà, níbẹ̀ ló sì ti ṣiṣẹ́ kó tó wá sí Sharjah. Mo ti rí i lẹ́ẹ̀kan tó ń wò mí láti ẹnu ọ̀nà, mo gba ẹ̀yìn lọ. Ó retí mi, mi ò yọjú. Ó gbéra, ó di Naif.

Ìrọ̀lẹ́ ni. Bàbá ń rán ẹnu àpò Ìyá Bíọ́dún lọ́wọ́, Ìyá Bíọ́dún fúnra rẹ̀ sì jókòó sórí ìdì rẹ̀ kejì, ó ń ṣọ́ wọn. Mo gbójú sókè, mo rí Miss Sina lẹ́nu ọ̀nà. Ó bọ́ bàtà rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni sìmẹ́ǹtì àti ìyẹ̀fun okùn ló wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ wa. Nígbà tó máa gba iwájú Bàbá kọjá, ó tẹ̀ balẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀, ó ní, “Tulou.” Bí wọ́n ṣe ń tọrọ gáfárà kọjá níwájú àgbà nílùú wọn nìyẹn. Mo fa àga kan ṣoṣo tí a ní fún un. Kò jókòó sí i. Ó jókòó sílẹ̀ lórí àpò, ó ká ẹsẹ̀ kò, ó sì dákẹ́ títí Bàbá fi rán ẹnu àpò náà tán.

Bàbá fi eyín já okùn. Wọ́n ní ọmọ ta nìyí. Mo ní olùkọ́ ni, láti ilé ìwé mi. Wọ́n ní ará ibo. Mo ní ará òkè òkun ni, ọ̀nà jíjìn. Wọ́n ní rárá, òun ń bi mí léèrè ilé tó ti jáde, nítorí pé ọmọ tí wọ́n kọ́ ni.

Miss Sina wá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ó sì kọjú sí Bàbá, kò kọjú sí mi. Ó sọ̀rọ̀ pẹ́. Ó dúró, ó ní kí n jọ̀ọ́ kí n túmọ̀ rẹ̀.

Mo ní, “Bàbá, ó ní òun wá kí yín ni. Ó ní ilé ìwé ń kí yín.”

Bàbá ò mi orí. Wọ́n kàn sọ ọ́ jẹ́ẹ́.

“Ọ̀rọ̀ tiẹ̀ gùn. Tìẹ kúrú.”

Ìyá Bíọ́dún bú sẹ́rìn-ín lórí ìdì rẹ̀. Ó wo ojú mi, ẹ̀rín náà sì kúrò. “Alhaji,” ó ní, “ọmọ yín ò túmọ̀ nǹkan kan. Ogójì ọjọ́ ló ti pa kíláàsì jẹ. Àwọn ìgbìmọ̀ fẹ́ jókòó lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀, ó sì jọ pé lílé ni wọ́n máa lé e.”

Ìyá Bíọ́dún ló túmọ̀ èyí tó kù. Miss Sina sọ pé ní Níú Sílándì, àwọn ọmọ ìran tòun láti erékùṣù, Pàsífíkà ni wọ́n ń pe ara wọn níbẹ̀, ń já bọ́ nílé ẹ̀kọ́ gíga lọ́kọ̀ọ̀kan. Ilé ẹ̀kọ́ á kọ lẹ́tà sọ́mọ, ọmọ á fi lẹ́tà pamọ́. Àwọn olùkọ́ rò pé ọ̀lẹ ni wọ́n. Ìgbà tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ òun bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí ilé wọn, tí wọ́n ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì wọn, tí wọ́n ń bá àwọn àgbà jókòó lórí ẹní kí wọ́n tó dárúkọ ìwé rárá, ìgbà yẹn ni wọ́n rí i pé ọmọ kọ̀ọ̀kan ń ru nǹkan kan nílé tí kò lẹ́nu láti sọ. Ìyá kan ń ṣàìsàn, àbúrò kan wà tí kò sẹ́ni tó máa tọ́jú rẹ̀. Ó ní bí ilé bá mọ̀, ilé á wá ẹlòmíràn tó máa rù ú, ọmọ á sì padà. Ó ní òun ò wá fẹjọ́ sùn. Ìbéèrè kan ló gbé òun wá: kí ló wà nínú ilé yìí tó ń di ọmọ yìí mú?

Bàbá wò mí. Mo wo ilẹ̀.

“Ẹ sọ fún un pé mo gbọ́,” Bàbá ní. “Ilé ló máa dáhùn, kì í ṣe ọmọ.”

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Bàbá ò lọ mu tíì. Kágò ń bọ̀. Wọ́n dúró nídìí àwọn ìdì, wọ́n ń fi ọwọ́ pa wọ́n lára lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń pa ẹran ọ̀sìn lára. Ọ̀kan péré ni mo ráyè tún ṣe kí wọ́n tó jí. Ibẹ̀ ni ọwọ́ wọn dúró sí. Ọ̀dà wọ ọ̀dà níbẹ̀, ó ga. Wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n gbóòórùn ìka wọn.

Wọ́n ní mélòó. Mo ní gbogbo èyí tí ojú mi bá ti tó. Wọ́n ní láti ìgbà wo. Mo ní láti ṣáájú àwẹ̀. Wọ́n wá bèèrè ti Ìyá Bíọ́dún, ti kọ́tìnì. Mo ní mi ò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ ẹ́ wò nígbà náà.

Bàbá wá àga, wọ́n jókòó. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ wọ́n, mi ò rí wọn kí wọ́n jókòó nígbà tí ẹrù wà nílẹ̀, àfi lórí ẹrù fúnra ẹ̀.

Miss Sina bá ọ̀gá àgbà kọ́lẹ́ẹ̀jì sọ̀rọ̀ pé kí ẹbí mi wá sọ tẹnu wọn kí ìgbìmọ̀ tó pinnu. Ọ̀gá gbà, ó ní kí wọ́n gbé àga méjì síwájú tábìlì. Èmi sì lọ jíṣẹ́ fún Bàbá gẹ́gẹ́ bí mo ṣe gbọ́ ọ: wọ́n ní kí ẹbí máa bọ̀. Bàbá ránṣẹ́ káàkiri Naif. Ta ni kì í ṣe ẹbí níbẹ̀? Èèyàn mọ́kàndínlógún ló wọ bọ́ọ̀sì tí a háyà. Ìyá Bíọ́dún gbé kúlà mọ́ínmọ́ín kan, ó ní èèyàn kì í fi ọwọ́ òfo lọ bẹ̀bẹ̀.

Nínú bọ́ọ̀sì náà ni Ìyá Bíọ́dún ti to ọ̀rọ̀. Ó ní ibà ni ká sọ. Ó ní ibà kì í fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀, kò sẹ́ni tó lè tọpasẹ̀ ẹ̀. Gbogbo wọn gbà. Ọkùnrin kan tilẹ̀ ní òun ló ń fún mi lógùn, pé ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́. Wọ́n ní kí n kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbọ̀n díẹ̀ nígbà tí a bá dé. Bàbá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, wọn ò dá sí i. Mo rò pé wọ́n fara mọ́ ọn. Èmi náà fara mọ́ ọn.

Nígbà tí a wọlé, ọ̀gá àgbà wo àga méjì náà, ó wo wa. Ó bi Miss Sina pé àwọn wo nínú wa ni ẹbí. Miss Sina ní gbogbo wọn, sà. Wọ́n lọ gbé bẹ́ǹṣì wá láti ilé oúnjẹ. Àwọn ìgbìmọ̀ mẹ́ta fún ara wọn pọ̀ lẹ́yìn tábìlì kí àyè lè gbà wá. Miss Sina ti sọ fún wọn tẹ́lẹ̀ pé àgbà ló ń ṣí ọ̀rọ̀. Ọ̀gá na ọwọ́ sí Bàbá. Ìyá Bíọ́dún dìde dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn láti túmọ̀.

Bàbá sọ orúkọ wọn, wọ́n sọ iṣẹ́ wọn. Ìyá Bíọ́dún túmọ̀ rẹ̀. Wọ́n ní, “Ojú mi ti lọ.”

Ìyá Bíọ́dún ò túmọ̀ èyí. Ó tẹ orí sọ́dọ̀ Bàbá, ó rọra sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n gbogbo wa gbọ́. “Alhaji, ibà la ní ká sọ.”

“Mo gbọ́. Èyí tí mo sọ ni kí o túmọ̀.”

Ó túmọ̀ rẹ̀. Bàbá ní ó ti pẹ́ tí òun ò ti rí àmì tí òun ń kọ. Wọ́n ní ọmọ yìí rí i, ó ń tún un ṣe lẹ́yìn òun, kí ojú má baà ti òun. Wọ́n ní kò sá kúrò ní ilé ìwé, òun lòun ń fà á, òun ò sì mọ̀. Wọ́n ń sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, Ìyá Bíọ́dún ń tẹ̀ lé wọn. Wọ́n wá dúró, wọ́n sì yí ojú sí ibi tí ohùn rẹ̀ wà.

“Obìnrin tó ń túmọ̀ yìí, èmi ni mo ṣi àmì ẹrù ẹ̀ kọ. Mo gbé bàtà ẹ̀ fẹ́lòmíràn. Ó kúnlẹ̀ sọ fún mi, mo kọjú sí ògiri. Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń kó ẹrù wá fún mi wà níbí. Ẹ má kó o wá mọ́. Khalas.”

Ìyá Bíọ́dún mú etí gèlè rẹ̀, ó fi nu ojú. Àwọn ìgbìmọ̀ ń dúró. Miss Sina rọra ní kó jọ̀ọ́ kó sọ gbogbo ẹ̀. Ó kọjú sí wọn, ó sì túmọ̀ rẹ̀, ti bàtà, ti ògiri, ti ara rẹ̀, kò fo ọ̀kan. Nígbà tó parí, ó wo Bàbá, ó ní, “Alhaji mi, mo ti gbàgbé ẹ̀.” Ọ̀gá bèèrè ohun tó tún sọ. Ó ní ìyẹn ò kan ìgbìmọ̀.

Wọ́n ní ká bọ́ síta díẹ̀. A bọ́ síta. Bàbá jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan nínú oòrùn, àwọn oníbàárà wọn dúró yí wọn ká, kò sẹ́ni tó mọ ohun tí à ń sọ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gé ọwọ́ ara rẹ̀ sílẹ̀. Ọkùnrin tó ní òun ló ń fún mi lógùn ló kọ́kọ́ sún mọ́ wọn. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú iyanrìn.

Nígbà tí wọ́n pè wá padà, ọ̀gá ní mo lè padà sí kíláàsì. Ó ní màá tún ìdajì ọdún náà kà láti ìbẹ̀rẹ̀, bí mo bá sì tún sọnù lẹ́ẹ̀kan sí i láìsọ, ó parí. Miss Sina ní ohun kan kù. Ó ní kí Naif yan ẹnìkan tí kọ́lẹ́ẹ̀jì á máa pè nígbà tí ọmọ wa kan ò bá wá sí kíláàsì, kó tó di lẹ́tà, kó tó di ìgbìmọ̀. Bàbá na ọwọ́ sí Ìyá Bíọ́dún. Ó ní Èkó lòun ń gbé. Bàbá ní Èkó náà ní fóònù. Bó ṣe rí nìyẹn fún ọdún púpọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà kọ̀ọ̀kan, Miss Sina á wá sí Naif, á bọ́ bàtà, á jókòó láàárín ẹrù, àwọn oníṣòwò á sì bi í léèrè ọmọ tí ń lọ àti ọmọ tí ń fà sẹ́yìn. Àwọn bí mélòó kan gba ibẹ̀ jáde lẹ́yìn mi. Ọ̀gá àgbà jẹ mọ́ínmọ́ín méjì lọ́jọ́ ìgbìmọ̀ yẹn.

Bàbá padà sí Ìbàdàn. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ojú wọn níbẹ̀, ọ̀kan padà díẹ̀, tó láti mọ ọmọ yàtọ̀ sí ìyá rẹ̀. Ó lé ní ogún ọdún tí wọ́n fi jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn. Mi ò gbọ́ kí wọ́n dárúkọ ẹrù tàbí ọ̀dà mọ́. Bí ẹnìkan bá bi wọ́n léèrè ìdí tí wọ́n fi fi Dubai sílẹ̀, wọ́n á ní iṣẹ́ ló parí.

Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó lọ, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta wà tí wọn ò ṣe nǹkan kan. Wọ́n á jókòó lórí àga, wọ́n á gbé ọwọ́ lé orúnkún. Ní ọjọ́ tó kù díẹ̀ kí wọ́n wọ ọkọ̀ òfurufú, wọ́n ní kí n mú wọn lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì, kì í ṣe ọ́fíìsì, kíláàsì gan-an. Mo ní kí ni wọ́n fẹ́ ṣe níbẹ̀. Wọ́n ní kí n ṣáà mú òun lọ. Miss Sina bá olùkọ́ mi sọ ọ́, ọmọ Íńdíà kan tó kéré sí mi. Ó fi àga kan sí ẹ̀yìn. Bàbá wọ jalabíà funfun, wọ́n jókòó gbọnrangandan láàárín àwọn ọmọ tí wọ́n tó bí bàbá wọn. Olùkọ́ pe orúkọ wa tán, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wa bí ooru ṣe ń kúrò nínú yàrá. Odindi wákàtí kan ni. Bàbá ò gbọ́ òyìnbó, wọn ò rí pátákó, wọn ò sì sùn.

Nínú takisí tí à ń padà bọ̀, mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má bínú, mo ní mo mọ̀ pé ó ti sú wọn, pé wọn ò lè gbọ́ nǹkan kan nínú ẹ̀.

“Mo gbọ́ èyí tí mo wá gbọ́,” wọ́n ní. “Ó pe orúkọ ẹ. O dáhùn.”